Ẹ gbà mí lórí “break” yìí, asáímẹ́ǹtì ọmọ mi ti dojú rú

ÌyáÌbejì_Tánkẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 8:12 alẹ́)
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Àgbà ọmọ mi wà ní JSS1 níbí ní Tánkẹ̀, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wọn ní kí wọ́n lọ wá ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí ìtumọ̀ wọn sún mọ́ “break”, kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn. Ọmọ bá gba fóònù mi, ó tẹ̀ ẹ́ sí Google, ọ̀rọ̀ tó jáde pọ̀ bí eṣú, snap, shatter, crack, burst, tear, fracture, violate, pause, tame, ó wá kàn ń ṣa èyí tó bá wù ú. Nígbà tí ìwé padà dé, méjì péré ló gbà nínú mẹ́wàá. Ó kọ “The rope shattered”, wọ́n fa X pupa sí i. “My uniform fractured”, X. “My brother violated the plate”, X méjì ni wọ́n fa síyẹn. Ọmọ sunkún títí ojú ẹ̀ wú, ó ní Mọ́mì ṣebí ohun tí fóònù gbé jáde ni mo kọ, wọ́n ní break ni gbogbo ẹ̀. Èmi náà wò ó, mo mọ̀ pé kò dùn létí ṣùgbọ́n mi ò mọ àlàyé tí mo lè ṣe fún un. Tíṣà ní kí wọ́n tún un kọ, kí wọ́n mú un wá ní ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ tó máa yé e? Mi ò fẹ́ kọ ọ́ fún un.

Mẹkáníìkì_Ọ̀fàGáréèjì (8:31 alẹ́)
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ jẹ́ kó kọ “spoil” síbẹ̀, òun ló rọrùn jù. Ohunkóhun tó bá ti break, ó ti spoil nìyẹn. Àwa tí mọ́tò bá break down, a ní ó ti spoil.

ỌmọỌ̀mùÀrán_UK (8:58 alẹ́)
Rárá o àbúrò mi, ẹ má fìyẹn kọ́ ọmọ. “Spoil” tí à ń lò nílé yẹn, “bàjẹ́” ló wà lábẹ́ ẹ̀. Yorùbá ní ọbẹ̀ bàjẹ́, ọmọ bàjẹ́, fóònù bàjẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kárí gbogbo ẹ̀. Òyìnbó ò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ibí, iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń di ẹrù ni mo wà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lẹ páálí bá dákẹ́, mo lọ bá ọ̀gá mi, mo ní “the machine has spoiled”. Ó wò mí, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Kò yé e. Ẹlòmíì ló wá bá mi sọ pé “it's broken” kó tó dìde lọ wò ó. Lọ́dọ̀ wọn, mílíìkì tó kan ló spoil, ẹran tó rà ló spoil, tàbí ọmọ tí wọ́n kẹ́ lákẹ̀ẹ́bàjẹ́. Ẹ̀rọ ní tiẹ̀, ó break ni, tàbí kó break down.

Break tí kò sí nǹkan tó fọ́ níbẹ̀ náà wà o. Òfin ibí ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ju wákàtí 6 lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìṣẹ́jú 20 fi sinmi láìsí ẹni tó máa dí i lọ́wọ́, “break” ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kan náà ṣe di ìsinmi. Iṣẹ́ tó ń lọ gbọrọrọ ni wọ́n já láàrin, bí ẹni já okùn.

ỌmọAlámọ̀_Òkèlele (9:40 alẹ́)
Ìyá Ìbejì, ẹ sanu o. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ lọ há ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sórí, kò ní yé e láéláé. Ilé tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ni wọ́n bí mi sí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Tí ìkòkò bá ti iná jáde tó sì ti tutù, ìyá mi kì í kàn wò ó lójú lásán. Á gbé e sọ́wọ́ òsì, á fi eegun ìka kàn án lára. Tó bá dún gooro bí agogo, ó dáa, ó lọ sọ́jà. Tó bá dún bọ̀bọ̀ bí ẹni gbá páálí, ó ti sán nìyẹn, bí ojú yín ò tiẹ̀ rí nǹkan kan. Á bu omi sí i, kó pẹ́ kó jìnnà ẹ máa rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí tí omi ń là kọjá. Ìkòkò yẹn ò tíì fọ́ o! Ó ṣì jókòó lórí ìdí ẹ̀, ẹ ṣì lè rọ ọkà gbígbẹ sí i, ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbé e kaná. “Crack” nìyẹn. Tí ìlà yẹn bá gùn dé ìsàlẹ̀ tó pín ìkòkò sí méjì, ó ti là, “split”. Tó bá wá já bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé lórí òkúta, tó fọ́ yángá, tó jẹ́ àpáàdì nìkan lẹ máa ṣà nílẹ̀, “shatter” nìyẹn. Ìkòkò kan náà, amọ̀ kan náà, ọ̀nà mẹ́ta ló fi “break”.

Yorùbá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa tipẹ́. Okùn ń já. Igi ń ṣẹ́. Aṣọ ń ya. Àwo ń fọ́. Táyà ń bẹ́. Ògiri ń sán, ó sì ń wó. Ọmọ yín kékeré tí ò tíì lọ iléèwé ò ní sọ pé okùn fọ́ láé, kò ní sọ pé aṣọ òun ṣẹ́. Ó ti mọ̀ ọ́n! Ẹ kàn bi í pé kí ló break, kí ni Yorùbá sọ pé nǹkan yẹn ṣe? Tó bá já, snap. Tó bá ya, tear. Tó bá bẹ́, burst. Tó bá fọ́ yángá, shatter. Ó parí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Unilorin (9:52 alẹ́)
Mo fara mọ́ ìyá yìí 100%. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ báyìí fún mi rí.

BàbáTíṣà_ÀjàṣẹÌpo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀)
Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ́kọ́ńdìrì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí Ọmọ Alámọ̀ kọ sílẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi, ọmọ náà á sì rí i lò. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tún ibì kan ṣe níbẹ̀, torí tí ọmọ bá dì í mú pé “já” ni snap, “ya” ni tear, ẹ̀sáàmù á mú un.

Snap ò bìkítà bóyá okùn ni àbí igi. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ló ń wò: lójijì, pẹ̀lú ìró, ó di méjì. Ìdí nìyẹn tí igi fi lè snap, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ní igi ṣẹ́, kò ní ó já. Okùn tí omi òun oòrùn jẹ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi já wẹ́lẹ́, já ló já, ṣùgbọ́n snap kọ́ nìyẹn. Ẹ tún wo ṣòkòtò. Yorùbá ní ṣòkòtò ya, ó tán. Gẹ̀ẹ́sì á bi yín pé báwo ló ṣe ya? Tó bá jẹ́ ojú rírán ìdí ẹ̀ ló tú nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, split ni. Tó bá jẹ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà ló fà á, tear ni. Àwọn méjèèjì wà lábẹ́ “ya” wa. Ẹ fi Yorùbá ṣí ilẹ̀kùn fún un, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n tó bá wọlé tán kó máa fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wo inú ilé.

Ohun tí fóònù gbé fún un ni wọ́n ń pè ní “thesaurus”. Peter Mark Roget ló ṣe èyí tó lókìkí jù, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1852, ohun tó sì ṣe ni pé ó kó àwọn ọ̀rọ̀ tí èrò wọn bára tan sójú kan. Kò sọ fẹ́nikẹ́ni pé wọ́n dọ́gba. Bí ẹ bá wọ Ọjà Ìpàta, ẹ máa rí àwọn ẹlẹ́ja lójú kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá pańla, tẹ́ ẹ bá di sáwá fún un, ṣé kò ní bínú?

“Violate” yẹn, òfin ni kó fi sí: rú òfin, violate the rule, break the law. Ìlérí ní tiẹ̀, a ń yẹ̀ ẹ́ ni, kó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú “break” bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí nínú ìwé, lọ́yà máa lo “breach”. Àwo ò ní òfin nínú, kò sẹ́ni tó lè violate àwo. Ìyá Ìbejì, ẹ tún rọra sọ fún un pé tí ọ̀rọ̀ yẹn bá kan ara èèyàn, ohun búburú gan-an ló ń sọ, kó má fi ṣeré.

Nínú ẹ̀sáàmù WAEC, ìbéèrè “nearest in meaning” wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn ọmọ tó gbọ́n tí wọ́n ṣubú, torí wọ́n wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fàlà sí nídìí, wọn ò wo gbólóhùn tó gbé e dání. “The police broke up the meeting”: disperse, wọ́n tú wọn ká. “She broke the news to him gently”: disclose, ó fọgbọ́n sọ ọ́ fún un. Ọmọ tó bá rí broke tó sáré mú “shatter”, ó ti lọ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fà (7:20 àárọ̀)
Ẹ kú iṣẹ́ o Bàbá Tíṣà. Lórí “fracture”, ẹ bá mi sọ fún ọmọ náà pé egungun ló ni ín. Àwọn àgbà pàápàá máa ń ṣì í. Tí dókítà bá wo X-ray tán tó ní “there is a fracture”, àwọn ará ilé aláìsàn á fà mí sẹ́yìn, wọ́n á ní, “Nọ́ọ̀sì, a dúpẹ́ o, kò ṣẹ́, ó kàn fracture ni.” Wọ́n rò pé fracture kéré sí break. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan náà ni! Fracture ni orúkọ tí ilé ìwòsàn ń pe egungun tó ṣẹ́, ì báà jẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti ìkòkò ìyá yẹn, ì báà jẹ́ èyí tó ti pín sí mẹ́ta. Mo ti rí ẹni tó gbé ọmọ ẹ̀ lọ sílé láìdi ẹsẹ̀ ẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí nìkan, ìrìn ọmọ náà ò dọ́gba mọ́ títí dòní.

Tọmọdé tún yàtọ̀. Egungun wọn ṣì rọ̀, tí wọ́n bá ṣubú nígbà míì ó máa ń tẹ̀, apá kan á sán, apá kejì á ṣì dì mọ́ra, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣẹ́ ẹ̀ka igi tútù tí kò já tán. “Greenstick fracture” ni wọ́n ń pè é, igi tútù náà ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ẹ má gbàgbé “break out” náà. Àìsàn bẹ́ sílẹ̀, iná bẹ́ sílẹ̀, ogun bẹ́ sílẹ̀. “Bẹ́” tí Ọmọ Alámọ̀ lò fún táyà ló tún wà níbẹ̀ yẹn.

Mẹkáníìkì_Ọ̀fàGáréèjì (7:44 àárọ̀)
Ẹ̀gbọ́n UK, mo ti gbọ́, mo sì ti gbà. Bàbá Tíṣà ẹ kú àárọ̀ sà. Èyí tó kan iṣẹ́ mi tí mo mọ̀ dájú nìyí, kí ọmọ náà má lọ dà á pọ̀: “brake” mọ́tò wà lọ́tọ̀. Ẹnu wa ò yà wọ́n, bíréèkì la ń pe méjèèjì, ṣùgbọ́n ìwé yà wọ́n. Àwọn ọmọṣẹ́ mi máa ń kọ “break pad”, “break shoe” sínú ìwé tí wọ́n fi ń lọ ra ọjà, èmi náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kí oníbàárà kan tó jẹ́ tíṣà tó bá mi tún un ṣe. Tí bíréèkì bá kọ̀ láti mú lórí eré, Yorùbá ní bíréèkì já. Ní Gẹ̀ẹ́sì ẹ má kọ “the brake broke” torí “já” yẹn o, “the brakes failed” ni wọ́n ń kọ sínú ìròyìn.

Alfa_ilé_kéú (1:50 ọ̀sán)
Salaam alaikum. Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ìbéèrè kan ti wà nínú mi láti ààwẹ̀ tó kọjá, ó sì bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ọmọkùnrin kan nílé kéú wa kọ ọ́ síwèé wọn ní iléèwé pé “In Ramadan my father eats his breakfast at 7pm”, wọ́n ní kò gbà á. Mo ní kí ló dé? “Break” òun “fast” ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ tó di breakfast, kí ni ìṣínu bí kì í bá ṣe ìyẹn? Lójú tèmi ọmọ yẹn jàre.

Ìyàtọ̀ tó wà nínú Yorùbá tiwa ṣe pàtàkì, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fi dàbínù àti omi kan ẹnu nígbà tí oòrùn wọ̀, tó wá dìde kírun Mọ̀gàríbì, ó ṣínu. Ẹni tó jẹun ní agogo méjì ọ̀sán láìnídìí, ó ba ààwẹ̀ ẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ara ẹ̀ ò yá tàbí tó wà lórí ìrìn àjò, a yọ̀ǹda fún un, á san án padà tó bá yá. Gẹ̀ẹ́sì ní “he broke his fast” fún gbogbo wọn. Ẹni tó ṣe dáadáa àti ẹni tó ṣẹ̀, gbólóhùn kan náà!

BàbáTíṣà_ÀjàṣẹÌpo (3:15 ọ̀sán)
Wa alaikum salaam, Alfa. Orísun ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́, ààwẹ̀ alẹ́ ni wọ́n ní oúnjẹ àárọ̀ ń já. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ máa ń kúrò nílé bàbá ẹ̀. Breakfast ti di oúnjẹ àárọ̀ nìkan lẹ́nu wọn, ìpè ẹ̀ gan-an ti yí, wọn kì í pe “bréèkì” nínú ẹ̀ mọ́, “brẹ́kì” ni. Ká ní ọmọ yẹn kọ “my father breaks his fast at 7pm”, ó gbà á pátápátá. Tèmi bá jẹ́ tíṣà ẹ̀, mi ò ní fa X, máa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un, torí ọmọ tó ronú dé ibẹ̀ yẹn ń ronú.

Alfa_ilé_kéú (3:22 ọ̀sán)
Mo gbà fún yín lórí lílò ẹ̀. Lórí X yẹn mo ṣì dúró síbi tí mo wà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Unilorin (4:03 ìrọ̀lẹ́)
Ẹ tún ṣọ́ra o, lẹ́nu àwa ọ̀dọ́ báyìí, tí wọ́n bá ní wọ́n fún ẹnì kan ní breakfast, ẹni tó ń fẹ́ ló já a sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni “broke”: “I am broke” ni pé kò sówó lọ́wọ́ mi, “I am broken” ni pé ọkàn mi ti gbọgbẹ́. Ọ̀rẹ́ mi fi ìkejì ránṣẹ́ sí bàbá ẹ̀ nígbà tó fẹ́ tọrọ owó, bàbá yẹn wọ mọ́tò láti Ṣáárẹ́ wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ náà.

Aláta_Ìpàta (4:30 ìrọ̀lẹ́)
Ẹ tún fi owó kún un. “Ẹ bá mi ṣẹ́ ẹgbẹ̀rún kan yìí”, ọmọ mi ní “break” náà ni Òyìnbó ń sọ. Ibi tí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti pàdé nìyẹn.

ỌmọGàm̀bàrí_Ìlọrin (6:11 ìrọ̀lẹ́)
Kò tíì sẹ́ni tó dáhùn “tame” tó wà nínú ohun tí ọmọ náà rí. Ẹṣin ni. Àwọn ará ilé bàbá mi ń sin ẹṣin tí wọ́n ń gùn ní Dọ́bà tí wọ́n bá kí Ọba nígbà Iléyá. Ẹṣin tí kò tíì mọ gàárì, wọ́n á kọ́kọ́ fi okùn mú un kiri, wọ́n á gbé àpò lé e lẹ́yìn kí ìwúwo mọ́ ọn lára, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí èèyàn tó jókòó lé e. Gbogbo iṣẹ́ yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “to break a horse”. Kò sí egungun ẹṣin kankan tó ṣẹ́ níbẹ̀. Agídí inú ẹ̀ ni wọ́n ṣẹ́.

ÌyáÌbejì_Tánkẹ̀ (Ọjọ́rú, 9:25 alẹ́)
Ẹ ṣeun ṣeun o gbogbo yín, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ. Ẹ gbọ́ ohun tá a ṣe lálẹ́ yìí. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní kíṣìnì, mo kó nǹkan síwájú ẹ̀: ọwọ̀ kan nínú ìgbálẹ̀, òwú ìránṣọ, ìwé ìròyìn àná, ẹyin kan, gíláàsì fìtílà tó ti sán tẹ́lẹ̀, àti ọ̀rá pure water. Mo ní kó ba ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kó sì máa sọ ohun tó ṣe ní Yorùbá. Ó ṣẹ́ ọwọ̀ yẹn, ó dún tá, ó ní “ó ṣẹ́, snap!” Ó fa òwú, “ó já, snap náà ni Mọ́mì, ó yá, kò pẹ́.” Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀rá, ó dì í lẹ́nu, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, gbàù! Àwọn ìbejì sá jáde. Kò sẹ́ni tó sọ “burst” fún un, òun ló pè é. Nígbà tó kan gíláàsì fìtílà, ó fi ìka kàn án bí ti ìyá alámọ̀, ó gbé e sétí, ó ní “èyí ò tíì shatter, ó crack ni.” Mi ò jẹ́ kó fọ́ ọ.

Fracture ló wá kọ nípa egungun àbúrò mi, violate nípa òfin iléèwé. Èyí tó pẹ́ lórí ẹ̀ jù ni split àti tear, a ní láti lọ mú ṣòkòtò bàbá wọn wá.

ÌyáÌbejì_Tánkẹ̀ (Ọjọ́ Jímọ̀, 3:40 ọ̀sán)
Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá o!! Èyí tí kò gbà ni “We paused for forty minutes to eat”. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé “too long for pause”. Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ní lọ́kàn?

BàbáTíṣà_ÀjàṣẹÌpo (4:02 ìrọ̀lẹ́)
Ẹ kú oríire, ẹ bá mi kí i dáadáa. Tíṣà ẹ̀ mọ iṣẹ́. Pause ni kí èèyàn dákẹ́ díẹ̀ láàrin ọ̀rọ̀ tàbí iṣẹ́, bí ìgbà tí ẹni tó ń kàwé sókè bá mí kó tó máa bá a lọ. Ẹni tó lọ jẹun fún ìṣẹ́jú 40 ti kúrò nídìí iṣẹ́. Kó kọ “She paused before she answered me”. Ti oúnjẹ yẹn, “break” gan-an ni kó padà sí.